Ẹ Kú Ìjókòó

Kí ni mo fẹ́ fi ṣe... Ìbéèrè wo nìyẹn? Kí ni gbogbo ayé ń fi ẹsẹ̀ ṣe? Ọmọbìnrin tó ń yẹ̀ mí wò lọ́sibítù yìí bi mí bí èmi náà ṣe máa ń bi oníbàárà pé báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n gẹ irun yín — pẹ̀lú ẹ̀rín, láìkánjú, bíi pé kò sí èsì tó lè burú. "Bàbá, tí wọ́n bá ṣe ẹsẹ̀ náà fún yín, kí lẹ fẹ́ fi ṣe gan-an? Ẹ máa rò ó. Ẹ jẹ́ kí n lọ pe ẹni tó ń ṣe ẹsẹ̀ wá." Ló bá jáde. Ó fi èmi àti irin méjì sílẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n nà gbọọrọ láti ibí dé ìdí dígí. Mo di méjèèjì mú. Ẹsẹ̀ kan ni mo fi dúró. Àga wà lẹ́yìn mi.

Mi ò ní jókòó. Ó ní tó bá rẹ̀ mí kí n jókòó, ó tiẹ̀ fọwọ́ nu àga náà kó tó lọ — ọmọ dáadáa ni — àmọ́ mi ò ní jókòó. Kì í ṣe pé kò rẹ̀ mí. Itan mi ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn mi ti ń làágùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó, orí ìjókòó ni wọ́n máa bá mi. Ẹni tó ń ṣe ẹsẹ̀ á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á ní ẹ kú ìjókòó, sà. Mo sì ti gbọ́ ìyẹn yó.

Ẹ kú ìjókòó. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òsì yìí lábẹ́ orúnkún, ìkíni kan ṣoṣo yìí ló kù tí wọ́n fi ń kí mi. Ará àdúgbò ń kọjá lọ, ẹ kú ìjókòó o. Àna mi wọlé, ẹ kú ìjókòó, sà. Ẹni tó wá ka mítà iná, tí kò mọ̀ mí rí, ẹ kú ìjókòó, bàbá. Kí ni kí wọ́n tún wí? Wọ́n bá ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n pàdé ẹnì kan lọ́nà, ẹ kú ìrìn. Èmi náà jókòó, wọ́n rí mi pé mo jókòó... wọn ò ṣẹ̀ mí.

Àmọ́ onígbàjámọ̀ ni mí. Ẹ kú ìdúró ni wọ́n fi ń kí mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Oníbàárà á ti ilẹ̀kùn gíláàsì, á ní ẹ kú ìdúró, ọ̀gá, èmi á ní ó o, jókòó, ó máa tó kàn ẹ́. Àwọn ló ń jókòó. Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn, kí ẹlòmíì jókòó, kí n dúró tì í. Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìkíni yẹn. Ta ló ń fẹ́ràn ìkíni? Ó kàn ń wọ etí kan, ó ń gba èkejì jáde.

Abẹ náà... abẹ kékeré tí mo fi ń tún ẹ̀bá irun ṣe. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó bà mí lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, mi ò sì mọ̀. Àtọ̀gbẹ ti sọ ẹsẹ̀ náà di òkú tipẹ́, kò mọ gbígbóná, kò mọ títutù. Oníbàárà tó wà lórí àga ló wolẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ta nìyẹn? Àbí ẹ ti gé mi, mi ò mọ̀?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi tísù nu ún, mo parí orí ọkùnrin náà. Egbò ò jiná. Egbò ò jiná, títí dókítà fi wọlé lọ́jọ́ kan tó ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀... Mi ò fẹ́ ro ìyẹn. Ẹsẹ̀ ti lọ. Orúnkún ló kù, orúnkún sì ni ẹjọ́ tòní.

Akọ́nirìn ni mo ń pe ọmọbìnrin yẹn lọ́kàn mi, torí orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ti gùn jù fún ẹnu mi. Àkọ́bí mi jù ú lọ. Gbogbo ara mi ló yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí bí ẹni tó fẹ́ rà mí. Ó tú báńdéèjì, ó wo ojú àpá, ó ní ó jiná dáadáa. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yíká, ó ní bó ṣe rí rọ́bọ́tọ́ yẹn dára. Ó ní kí n fọwọ́ méjèèjì ti ara mi sókè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo tì í, ó ní apá mi lágbára, mo ní apá onígbàjámọ̀ ni, òkè ló ń wà. Ó wá pẹ́ nídìí ẹsẹ̀ ọ̀tún ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní kí n pajú dé, ó ń fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan tó le gún àtẹ́lẹsẹ̀ mi níbí, gún un lọ́hùn-ún. "Ẹ mọ̀ ọ́n? Èyí ńkọ́?" Mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ọmọ mi, ẹsẹ̀ tó lọ ni mo bá wá, èyí ò ṣe nǹkan kan. Ó ní, "Èyí lẹ máa fi gbé ìyẹn, bàbá."

Lẹ́yìn náà ló kan orúnkún. Ó gbé rúlà kan jáde, rúlà alápá méjì tó ń ṣí tó ń pa dé bí àlùmọ́gàjí. Ó tẹ́ apá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan mi, ó tẹ́ èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun tó ṣẹ́kù. "Ẹ na orúnkún yìí." Mo nà á. "Ẹ nà á tán." Mo ní ó ti tán. Ó wo rúlà, ó wo ojú mi, ó tún wo rúlà. "Ṣé ẹ máa ń jókòó púpọ̀ nílé?" Mo ní kí lo fẹ́ kí n máa ṣe, kí n máa gbá bọ́ọ̀lù ni? Ó rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Orúnkún yín ti kọ́ ìjókòó, bàbá. Ó ti mọ̀ ọ́n jù."

Orúnkún kọ́ ìjókòó... Mo ti rò pé bí wọ́n ṣe ń ra bàtà ni, kí wọ́n wọn èèyàn, kí wọ́n lọ ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀ wá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí orúnkún tó nà ni ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ń dúró lé. Tí orúnkún bá ká kò, ẹsẹ̀ ò ní balẹ̀, èèyàn á máa tiro, á máa ṣubú, egbò á tún dá sí i lára. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi jẹ́jẹ́. Ó ní kò tíì gan jù, ó lè rọ̀ tí mo bá ṣe eré ìdárayá tó fẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ẹsẹ̀ ló máa fọwọ́ kàn án, òun ló máa sọ bóyá kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. "Tí kò bá wá ṣeé ṣe, a máa wá àga onítáyà tó dáa fún yín." Àga tún ni. Tí mo bá yege, ẹsẹ̀. Tí mi ò bá yege, àga.

Àga ló sì ba orúnkún yìí jẹ́. Rárá... kí ni kí n pè é? Ìfẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí mo kúrò lọ́sibítù, àbúrò mi ti gbé ọ̀kan nínú àga ṣọ́ọ̀bù wá sí pálọ̀, àga oníbàárà, èyí tó ń yí, tó ń lọ sókè sódò. "Ẹ̀gbọ́n mi ò ní jókòó sórí àga lásán." Ó fẹsẹ̀ tẹ irin ìdí ẹ̀, ó gbé mi ròkè, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi gbé tábìlì kékeré tì í. Omi lọ́tùn-ún, rédíò lósì. Tí mo bá ti yí ara padà báyìí, ohùn á ti kíṣìnnì wá, "Dádì, ta ló ní kẹ́ ẹ dìde? Kí làwa wá wà fún?" Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà tó ń kìlọ̀ fún àlejò, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìde kí yín o."

Ó dùn mọ́ mi. Kí n má tan ara mi jẹ... ó dùn mọ́ mi gan-an. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi dúró ti orí ọlọ́rí, mo wá wà lókè, àwọn èèyàn ń ká ara wọn kò kí wọ́n tó kí mi. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi ní kí wọ́n má pọ́n mi lé? Gbogbo àpọ́nlé yẹn ni orúnkún ń gbọ́. Ó jókòó tì mí, ó ń kọ́ ìjókòó lọ ràì.

Ìyàwó mi ti rán ẹnu ṣòkòtò mi pa. Gbogbo ṣòkòtò, ẹsẹ̀ òsì. Kò bi mí. Ó ní kó má máa fẹ́ lẹ̀lẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi rán an, wínníwínní, ó rí nigín-nigín, mo ní o ṣé... Mo ń wò ó nínú dígí yìí báyìí. Láti ibí, bíi pé ìgbà tí wọ́n gé aṣọ náà ni wọ́n ti fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Dígí yìí ò tilẹ̀ fi nǹkan kan pamọ́ fún èèyàn rárá. Ó dé ilẹ̀. Tèmi ní ṣọ́ọ̀bù ò dé ilẹ̀, ìbàdí ló mọ, tábìlì tí mo ń to nǹkan sí ló dá a dúró. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níwájú ẹ̀, mi ò rí ẹsẹ̀ mi nínú ẹ̀ rí. Mo ń rí oníbàárà, mo ń rí ọwọ́ mi, mo ń rí ojú ara mi lẹ́yìn orí wọn. Tí wọ́n bá ní kí n dúró níwájú ẹ̀ lónìí... kò sí ohun tó máa yí padà nínú ẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ó yẹ kí n ti ronú kan ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Mo lè ní mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo èèyàn ló máa sọ bẹ́ẹ̀, á sì mi orí. Mo lè ní mo fẹ́ máa rìn dé géètì. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní géètì? Mo lè sọ òótọ́, pé ó ti sú mi kí n máa jókòó tọ̀ bí... ọmọbìnrin tó kéré sí àkọ́bí mi, ṣé òun ni mo fẹ́ máa sọ ìyẹn fún?

Nǹkan bà jẹ́ nígbà tí Akọ́nirìn ní kí n tú ọwọ́ kan sílẹ̀. Ìyẹn ni ibi tí mo ti bà á jẹ́. Mo dìde dúró láàárín irin yìí, ó ní mo ṣe dáadáa, ó ní ó yá, ẹ tú ọwọ́ kan sílẹ̀, ọ̀kan péré, mo wà níbí. Ọwọ́ ò gbà. Mo bá a sọ̀rọ̀ nínú, kò gbà, ńṣe ló tún gán irin mú sí i. Ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n ó ń wo ọwọ́ mi méjèèjì, mo sì mọ irú wíwò yẹn. Tí mo bá ṣi ọwọ́ lórí irun ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ lèmi náà máa ń wò ó, tí màá máa wá ibi tí mo lè gbà tún un ṣe kí oníbàárà má mọ̀.

Ẹni tó gẹ irun Akọ́nirìn gan-an ò tún àṣìṣe tiẹ̀ ṣe. Irun rẹ̀ kúrú bíi tọkùnrin, ó yẹ ẹ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ tó ń wọn orúnkún mi, gbogbo ẹ̀yìn orí ẹ̀ wà níwájú mi. Ó ń wọn orúnkún mi, èmi ń wọn orí ẹ̀. Ọ̀tún ẹ̀ dọ́gba dáadáa. Lẹ́yìn etí òsì, ó ga, ó wọlẹ̀, ó tún ga. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí níbẹ̀. Ẹni yẹn ò yí i ká. Ibì kan ló dúró sí, ó na ọwọ́ dé ibi tó lè dé, ibi tí ọwọ́ ẹ̀ ò dé ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀lẹ. Tàbí ó rẹ̀ ẹ́. Tàbí ó...

Tàbí ó jókòó.

Ohun tí àbúrò mi sọ nìyẹn, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè máa jókòó gẹrun o. A máa wá àpótí kékeré kan fún yín, àga á máa yí fún yín." Ó fi inú kan sọ ọ́. Mo ní a ó máa wò ó. Àga ń yí lóòótọ́, ó ti ń yí tipẹ́, èmi ni mi ò yí i rí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. "Kí lo fẹ́ máa yí èèyàn kiri fún? Ìwọ ni kó o yí i ká." Torí pé orí ò rí bákan náà níbi gbogbo. Tó o bá wò ó láti iwájú tó dọ́gba, tó o bá dé ẹ̀yìn ó ti tẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń gbé ojú débẹ̀...

Tí Akọ́nirìn bá jókòó síwájú mi báyìí, màá kọ́kọ́ fi òòyà gbé irun náà dìde. Màá fi ìka òsì tẹ orí ẹ̀ síwájú, díẹ̀ ni, kí ọrùn má ro ó. Ọ̀tún ti dáa, mi ò ní bá a jà. Màá rọra gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá sí òsì, ibi tó ga yẹn. Kílípà ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ tààrà. Ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀, kí ọwọ́ fúyẹ́, kí ìgbọ̀nwọ́ wà lókè... báyìí. Kí èèyàn má kánjú. Kí a fẹ́ irun kúrò. Kí a wò ó nínú dígí. Ó tún ku díẹ̀ lábẹ́ etí, kí a tún...

"Ẹ kú ìdúró, bàbá."

Ta ló sọ̀rọ̀? Obìnrin tó ń nulẹ̀ ni. Ó ti wọlé, ó ti nu ìdí ògiri kọjá, ó ti ń jáde, mo ń gbọ́ garawa ẹ̀ tó ń ha ilẹ̀ lọ ní ìta. Kò dúró gba èsì. Ó rí ẹni tó dúró, ó kí i ní ẹ kú ìdúró, ó bá tiẹ̀ lọ. Bóyá kò rí i pé... Ó rí i. Ilẹ̀ ló ń nù, ibi tí ẹsẹ̀ ń wà ni ojú ẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ kan ló rí níbẹ̀. Ó rí i, ó sì kí mi bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n ní ẹ kú iṣẹ́. Mo gbójú sí dígí bóyá mo ṣì lè rí ẹ̀yìn ẹ̀... àyà mi já. Ọwọ́ mi ò sí lórí irin. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lókè. Òsì tẹ orí ẹni tí kò sí síwájú, ọ̀tún gbé kílípà tí kò sí, ìgbọ̀nwọ́ wà níbi tó máa ń wà. Láti ìgbà wo? Láti ìgbà wo ni mo ti... Kò sẹ́ni tó dì mí mú. Bàbá kan wà nínú dígí pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n rán lẹ́nu pa, ó dúró, ó ń gẹrun.

Mo tún gán irin mú. Mi ò yawèrè. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín, tí ẹnikẹ́ni bá wọlé báyìí á ní bàbá yìí ti lọ.

Mo rò pé ìdúró bá ẹsẹ̀ yẹn lọ ni. Mo rò pé àpò kan náà ni wọ́n kó àwọn méjèèjì sí ní yàrá iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n gbé wọn jáde pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ kú ìjókòó fi ń dùn mí títí kan egungun, tí mi ò sì dìde níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìdúró ò bá nǹkan kan lọ. Ó wà nínú ọwọ́ mi níbí. Èmi ni mo gbé e jókòó.

Mo ń gbọ́ bàtà wọn. Akọ́nirìn ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan ń dá a lóhùn, ohùn ọkùnrin náà wúwo, ohùn ẹni tó ti sọ rárá fún èèyàn púpọ̀. Orúnkún mi ò nà sí i. Ó ká kò bó ṣe wà láàárọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó fọwọ́ kàn án kó mi orí, kí wọ́n ní kí n lọ ilé lọ ṣe eré ìdárayá kí n tó padà wá. Kí n lọ, nígbà náà. Kí n padà wá. Màá sọ fún àbúrò mi kó wá gbé àga ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó mi á pariwo, á ní ṣé àwọn ṣẹ̀ mí ni. Mi ò tíì mọ ohun tí màá wí fún un.

Àmọ́ mo mọ ohun tí màá wí fún Akọ́nirìn. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, bàbá? Màá ní ọmọ mi, ta ló gẹrun fún ẹ? Jókòó. Ẹ̀yìn etí òsì ẹ ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ náà dé.

Itan mi ń gbọ̀n gan-an báyìí. Àga wà lẹ́yìn mi. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ ilẹ̀kùn ń yí... Orí ìdúró ni wọ́n máa bá mi.